Kọ̀ǹpútà Tó Wọ Ẹ̀wù Àrán

"Ta ló ń dín nǹkan lẹ́yìn yín, sà?"

Ìbéèrè tí obìnrin Aṣàyẹ̀wò, ẹni tó ń gbọ́ ìwé àkàsílẹ̀ wò kó tó jáde, fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Olóhùn wẹ̀yìn wò. Kò sí ẹni tó ń dín nǹkan kan. Òun nìkan ló wà nínú yàrá, òun àti àga, òun àti tábìlì, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ tó jókòó gẹlẹtẹ sórí tábìlì nínú ẹ̀wù àrán pupa, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè.

"Kò sí ẹni tó ń dín nǹkan níbí, mà," ni Olóhùn wí.

"Ó dáa. Mo ti gbọ́ orí kìíní tí ẹ kà ránṣẹ́ sí wa. Ohùn yín, oyin ni. Ṣùgbọ́n ariwo kan wà lábẹ́ oyin náà, ṣààà, ṣààà, bí òróró tó ń hó lórí iná. Níbi tí opó inú ìwé ti ń sunkún ọkọ rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé inú ọkọ̀ òfuurufú ló ti ń sun ún. Àwọn tó máa gbọ́ ìwé yìí kò ríran, sà. Etí ni wọ́n fi ń ríran. Tí ẹ bá da iyanrìn sí wọn létí, ojú wọn lẹ dà á sí."

Olóhùn tọrọ àforíjì. Obìnrin náà ní kò burú, kó sáà tún orí kìíní kà, kó sì jẹ́ kó tẹ òun lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Bí ariwo bá tún wà níbẹ̀, òun ò ní bínú o. Àmọ́ ọkùnrin kan wà tí òun náà ń wá ìwé náà kà. Ohùn tiẹ̀ ò dùn tó báyìí, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ pa lọ́lọ́ bí itẹ́ òkú.

Ẹni tó bá mọ ibi tí Olóhùn ti ń bọ̀ ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti gún un lọ́kàn tó. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Òun ló ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Olóhùn. Bí ó bá ní kí èrò kúrò létí irin, ọmọdé á sún sẹ́yìn, àgbà á sún sẹ́yìn, ajá tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá á sún. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé, ẹ̀rọ tó ń dá sọ̀rọ̀ bí obìnrin tí ikọ́ ò ṣe rí láyé rẹ̀. Àwọn ọ̀gá bọ Olóhùn lọ́wọ́, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tún gba ìkejì, kí ló kù? Ọlọ́run Ọba fún ẹlòmíràn ní ọwọ́ ọnà, ó fún ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ eré, ṣùgbọ́n ọ̀fun nìkan ni Olóhùn gbà wá sáyé. Ka-ìwé-fún-aláìríran yìí ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó tíì ṣí fún un látìgbà náà, fáànù inú kọ̀ǹpútà sì ti fẹ̀yìn tì í.

Ẹ̀wù àrán ọ̀hún ńkọ́? Ọwọ́ Màmá ló ti wá.

Màmá ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìgbà díẹ̀ náà sì ti hu irùngbọ̀n. Ìyá aládùúrà ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ti fẹ́ràn, aṣọ ló máa ń rán fún un. "Ta ló kọ́kọ́ ránṣọ láyé?" ni yóò bi ọ́, kò sì ní dúró kí o dáhùn. "Ọlọ́run ni. Kí Ádámù àti Éfà tó jáde nínú ọgbà, Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ ló wọ̀ wọ́n láṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan, á bò ó." Báyìí ni kẹ́tùlù ṣe wọ kóòtù nínú ilé náà, tí rédíò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tí ẹsẹ̀ àga wọ ìbọ̀sẹ̀, tí ìdérí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wọ nǹkan onírun kan tó máa ń mú àlejò pariwo kó tó jókòó.

Ohun gbogbo ló rí aṣọ gbà, àfi ohun tí í ṣe ti Olóhùn. Nígbà tó wá tọrọ ìyàwó, Màmá ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé òun ò lè fa ọmọ òun fún apariwo. "Ẹni tó ń fi igbe jẹun!" ló pè é. Ìgbéyàwó wáyé ṣá, ìkíni wà, ẹ̀rín wà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ Màmá kò dé ibi tí Olóhùn wà rí. Àfi lọ́sẹ̀ tí wọ́n ní kó wá ka orí kìíní wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá gbé kọ̀ǹpútà náà wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó máa jáde, kọ̀ǹpútà ti wọ ẹ̀wù àrán. Fóòmù nípọn nínú rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Màmá sì ti fi òwú onílọ̀ọ́po rán an mọ́ ọn lára yíká, lókè àti nísàlẹ̀, kó má baà bọ́ láéláé. Yàtọ̀ sí ojú rẹ̀ àti ibi títẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló dá sí, ti wáyà iná àti ti makirofóònù, ó sì fi òwú ká etí ihò náà bí ihò bọ́tìnnì kóòtù ọkọ ìyàwó.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí bó ti gbé e lé e lọ́wọ́, "ojú ò ní tì ọ́."

Ọmọ mi! Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Olóhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì, omijé sì bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀ kó tó dìde.

Ta wá ni yóò tú irú òwú bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọkùnrin kan ní ìkángun òpópónà wọn, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onísíkúrù nítorí pé ẹ̀rọ tí kò lè tú kò sí. Onísíkúrù dé fìlà onírun kan tó ní etí bí etí ehoro, òógùn sì ń ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀ lábẹ́ fìlà náà. Ó gba kọ̀ǹpútà, ó gbé e lé orúnkún, ó sì gbé e kúrò kíá.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ gbé wá ni àbí áyọ́ọ̀nù?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Ta ló wá wọ̀ ọ́ láṣọ báyìí? Ẹ wò ó." Ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ àrán náà. "Ihò imú rẹ̀ nìyí. Òmíràn wà lábẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù sínú, ibẹ̀ ló sì ti ń tú gbígbóná jáde. Aṣọ ti dí i pa. Fáànù tó wà nínú rẹ̀ wá ń sáré àsápajúdé kí ẹ̀mí má baà bọ́. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Kò ṣàìsàn o, ooru ló ń mú un. Ẹ bọ́ aṣọ fún un."

"Kò ṣeé bọ́."

"Ṣé sípì rẹ̀ ló há?"

"Kò ní sípì. Wọ́n rán an mọ́ ọn lára ni."

"Ìyẹn ò le." Onísíkúrù ti mú bíléèdì. "Gbogbo síkúrù tí mo fẹ́ tú ló wà lábẹ́ aṣọ yìí. N ó kàn la ibí yìí báyìí, n ó gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó mọ̀..."

Olóhùn gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àna mi ló rán an."

Onísíkúrù gbé bíléèdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gé wáyà tí wọ́n ta á lólobó pé iná wà lára rẹ̀.

"Àna yín. Ìyá ìyàwó?"

"Ìyá ìyàwó."

"Kì í ṣe àǹtí ìyàwó? Ìyá tó bí i gan-an?"

"Ìyá tó rọbí rẹ̀."

Onísíkúrù mí kanlẹ̀. Ó tọ́ka sí fìlà orí rẹ̀. "Ẹ rí etí méjèèjì yìí? Tèmi náà ló hun ún. Ilé wọn ò jìnnà, wọ́n sì máa ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́. Ọ̀gá mi ò kọ́ mi ní ti àna."

Ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ gba ihò wáyà wọlé, ó ní kí Olóhùn máa gbé e sórí nǹkan gíga, kó máa pa gbogbo ohun tí kò bá lò nínú rẹ̀, kó jẹ́ kí yàrá tutù. Nígbà tó máa sìn ín jáde, ó fi kún un pé, "Kí ẹ sì máa gbàdúrà."

Olóhùn délé, ó pàdé ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Nọ́ọ̀sì ni, Nọ́ọ̀sì náà ló sì máa ń pè é.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo ni ìyá rẹ. Bá mi fẹ̀sọ̀ sọ fún wọn."

Ìyàwó rẹ̀ fa ọrùn súwẹ́tà tó wọ̀ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ sísàlẹ̀. "Ẹ wo ọrùn mi. Ẹ wo bó ṣe pọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni súwẹ́tà yìí ti ń yún mi bí èsìsì. Ṣé mo sọ? Mo lè gún ọlọ́pàá lábẹ́rẹ́ kí n ní kó má sunkún, ṣùgbọ́n n ò lè sọ fún Màmá pé òwú wọn ń yún èèyàn. Ọkọ mi, ẹ ru ẹrù yín."

"Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí," ni Olóhùn wí. "A kì í wò sùn-ùn ká dáràn."

"Ẹ máa wò sùn-ùn nígbà náà. Ọjọ́ Ẹtì náà ń wò yín."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́, Olóhùn dìde sí ogun. Ó kọ́kọ́ gbé fáànù ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ń fẹ́, fáànù ń fẹ́, atẹ́gùn méjì pàdé lórí tábìlì bí orogún, ìwé tó ń kà sì ń dá ara rẹ̀ ṣí dé ojú ewé tí kò tíì kàn. Ó pa fáànù. Ó wá rántí pé kò sí ohun tí oríkì kì í tù lójú. Bí a bá ki ọmọ, á dákẹ́ ẹkún. Bí a bá ki àgbà, á dárí jini. Ó fọwọ́ ra àrán náà lẹ́yìn, ó gbé ohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki kọ̀ǹpútà:

"Rọra, ọmọ Agbóná-má-jóná,
Ajókòó-sójú-kan-mí-bí-ẹni-sáré,
Ajẹ-wáyà-má-yó,
Ẹ̀fúùfù inú àpótí tí kò mi ewé,
O ò gòkè, o ò sọ̀, òógùn ń bò ọ́.
Ẹni tó gbé ọ lé ẹsẹ̀, o fi bí iná ṣe rí hàn án;
Ẹni tó gbé ọ sílẹ̀, o sọ tábìlì di ààrò.
Má bínú, má bú ramúramù,
Jẹ́ kí olóhùn ó róhùn tà."

Ẹ gbọ́ o, fáànù náà dákẹ́. Olóhùn kò gbà á gbọ́. Ó yọ́ sún mọ́ makirofóònù bí ológbò, ó yanu báyìí, ẹ̀rọ náà sì bú jáde, ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni pé ńṣe ló dúró gbọ́ oríkì tán kí orí rẹ̀ tó wú.

Ó gbé e sínú fíríìjì. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ mú omi.

"Ọkọ mi, kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin."

"Mo mọ̀."

"Ṣé òní la máa sè é ni, àbí ó di ọ̀la?" Ó gbé e jáde, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. "Ìrì á sẹ̀ sí i nínú. Ẹ fẹ́ fi omi pa ẹni tí ooru ò tíì rí pa."

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọgbọ́n mìíràn dé. Bí ariwo ò bá kúrò lọ́dọ̀ òun, òun lè kúrò lọ́dọ̀ ariwo. Ó gbé kọ̀ǹpútà sójú fèrèsé ní ìpẹ̀kun yàrá, ó fa wáyà makirofóònù gba ilẹ̀, ó mú ìwé àti tọ́ọ̀ṣì, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ara rẹ̀. Inú ibẹ̀ tòrò. Àwọn kóòtù ń gbọ́ ọ, wọn ò sì dá sí i. Olóhùn ka ẹkún opó náà bí kò ti kà á rí. "Ọkọ mi," ló ń wí láàárín kóòtù, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, ó ń gbọ̀n, "o fi mí sílẹ̀ nínú òkùnkùn yìí. Ta ni yóò wá ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Àsìkò náà gan-an ni Màmá ń kó tówẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ wọlé. Ó gbọ́ ohùn. Ó dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Tówẹ́ẹ̀lì fò sókè. Ẹ̀rù ba ẹni tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ohùn iṣẹ́ àtijọ́ sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò létí irin!"

Màmá fò sẹ́yìn, ó jókòó sórí ibùsùn lójijì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èémí tó padà sípò. Makirofóònù gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ àti irin.

"Kí lo ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù?" ni Màmá bi í.

Ẹ wò ó, àyè ọ̀rọ̀ ti ṣí. Olóhùn la ẹnu. Òótọ́ gun orí ahọ́n rẹ̀, ó wo ojú àna, ó sì yí padà. "Ibẹ̀ ló... ibẹ̀ ló pa rọ́rọ́ jù, Màmá."

Màmá yí ojú sí fèrèsé. Ó gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ti ń mí. Ó dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń gbé e lé ọmọ tó sùn, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Òtútù ló mú un! Ṣé n ò sọ fún ara mi pé fóòmù yẹn tín-ín-rín? Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Aṣọ onírun kan wà nísàlẹ̀ àpótí mi. N ó rán òmíràn lé e lórí. N ó tilẹ̀ ṣe ìbòrí fún un."

"Màmá, ẹ má ṣe wàhálà..."

"Ta ní ń ṣe wàhálà? Ìfẹ́ ni."

Lọ́jọ́bọ̀ kọ̀ǹpútà kú sí i lọ́wọ́. Ó ń ka gbólóhùn kan, ojú ẹ̀rọ náà ṣú dùdù, fáànù dúró, ilé sì dákẹ́ bí ìgbà tí àlejò aláriwo bá lọ. Ó gbé e sójú fèrèsé títí ó fi tutù, ó jí. Ó kà díẹ̀, ó tún kú. Títí oòrùn fi wọ̀, kò rí ojú ewé kan ṣoṣo gbà sílẹ̀ tó mọ́. Láti yàrá kejì ló ti ń gbọ́ àlùmọ́gàjí Màmá, kẹ̀ṣẹ̀-kẹ̀ṣẹ̀, tó ń gé aṣọ onírun.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Gbogbo ilé péjọ sí pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀ bí ìṣe wọn. Màmá ló ń ṣáájú. Ẹ̀wù kejì ti parí, ó ká a lé itan pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti fi òwú sí sì gún mọ́ ọn láyà. Bí àdúrà bá ti parí, yóò rán an mọ́ ọn ni.

Ohun kan wà nípa Olóhùn tí gbogbo àdúgbò mọ̀: àmín rẹ̀. Kì í ṣe é ní kéékèèké. Ó gbà pé àmín kì í ṣe ìró ẹnu lásán, ìfọwọ́sí ni. Ẹni tó bá ṣe àmín ti bọwọ́ lùwé níwájú Ọlọ́run. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń ṣe é bí ẹni tó ń kéde ọkọ̀.

"Olúwa, bá wa ṣọ́ ilé yìí," ni Màmá wí.

"ÀMÍN!"

"Wo àwọn aláìsàn tí ọmọ mi ń tọ́jú sàn."

"ÀMÍN!"

"Baba, mo tún mú ẹ̀rọ àna mi wá síwájú rẹ. Mo bò ó lẹ́ẹ̀kíní. Lónìí mo fẹ́ bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Jẹ́ kí aṣọ yìí lẹ̀ mọ́ ọn lára títí ayé. Kí ẹnikẹ́ni má rí i bọ́."

Àmín ìyàwó dún tín-ín bí ohùn ẹ̀fọn, ó sì dá sáàárín. Olóhùn di ẹnu. Láti dákẹ́ níwájú àna, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti bọwọ́ lùwé níwájú Ọba Òkè fún ohun tí èèyàn ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tú? Bí Ọlọ́run bá wá lọ gbọ́ àdúrà náà ńkọ́?

Màmá la ojú kan. "Olóhùn. Àmín dà?"

"Màmá."

"Ṣé o ti sùn ni?"

"Rárá, Màmá. Mo jí."

"Ṣé àdúrà mi ò dára ni?"

Olóhùn yọ́ kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀. Ohùn tó ń lé èrò kúrò létí irin wá jáde látinú kápẹ́ẹ̀tì bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú. "Màmá, ẹ foríjì mí. N ò lè ṣe àmín sí i. Aṣọ yẹn ni kò jẹ́ kó mí."

Ìyàwó rẹ̀ di ojú le koko, bí ẹni pé àdúrà ṣì ń lọ.

Olóhùn ka gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ níbẹ̀: Aṣàyẹ̀wò àti òróró tó ń hó, ihò imú kọ̀ǹpútà tí aṣọ dí, ìdí tó fi wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ pa lọ́lọ́, àti pé òní gan-an lọjọ́ pé.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé aṣọ ni?" ni Màmá bi í.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Onísíkúrù ló sọ fún mi."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́, ó mọ̀?"

"Màmá, àdúrà là ń gbà o," ni ìyàwó wí láìlajú.

"Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí, o sì dákẹ́, o ń fi kọ́bọ́ọ̀dù ṣelé?"

"Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí ẹ fún mi ni, Màmá. Ẹ pè mí lọ́mọ yín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé bí mo bá tú òwú yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn náà á tú."

Màmá fa abẹ́rẹ́ yọ láyà ẹ̀wù onírun náà, ó gún un mọ́ apá aṣọ ara rẹ̀.

"Nígbà tó o wá tọrọ ọmọ mi," ló wí, "mo ní apariwo ni ọ́, pé o ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Mo ṣì ọ́ mọ̀. Ìgbà tó yẹ kéèyàn sọ̀rọ̀ gan-an ni o ò mọ̀. Dìde nílẹ̀." Ó gbójú sókè. "Olúwa, dúró dè wá, a ń bọ̀."

Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú náà ní ojú kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tí kò bá lè tú u, kò yẹ kó rán an," ló ń kùn sínú. Nígbà tí àrán náà bọ́ tán, ooru inú rẹ̀ fẹ́ sí i lójú bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò. Ó sún sẹ́yìn. Ó wo ihò tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, bí ìyẹ́ òwú àti èérún fóòmù ti di í pa. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ ń hú u jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ó ká àrán náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ká.

"Ó dùn mí," ló wí. "Ọlọ́run wà nídùúró níbí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún rí ẹni tó jẹ́ kí aṣọ mi pa iṣẹ́ òun, tó ní òun ń bọ̀wọ̀ fún mi, n ó gbá a létí. Ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn? O sọ mí di ọ̀tá ara rẹ, o ò sì jẹ́ kí n mọ̀."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"N ò bínú, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ kékeré náà tún jáde, òwú ti já tán, kò sì sí ohun tó ṣe é. Olóhùn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i.

Ìyàwó rẹ̀ rí i pé ojú ọjọ́ ti là. Ó wúkọ́. "Màmá, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òótọ́ la ń sọ, súwẹ́tà tí ẹ hun fún mi yẹn..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹyọ kan lójúmọ́ tó àgbà."

Wọ́n parí àdúrà. Màmá ní òun náà ń bọ̀ wá gbọ́ ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti òun àti àna òun jẹ́ yìí. Ó gbé àga sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó káwọ́ lé itan. Olóhùn tan kọ̀ǹpútà. Fáànù inú rẹ̀ ta kìjí, ó mí bí ọmọ tuntun tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ, kò sì tún bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Olóhùn kà. Ó ka opó, ó ka ẹkún rẹ̀, ó ka ayálégbé ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ tó wá gba yàrá lọ́wọ́ opó náà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kó góòlù rẹ̀. Inú ìwé ló wà pátápátá, kò gbọ́ ohun mìíràn. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó fi í ránṣẹ́.

Aṣàyẹ̀wò pè é lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

"Ẹni tó ń dín nǹkan ti lọ, sà."

"Ó ti lọ, mà."

"Ohùn yín mọ́ gaara. Ẹ̀yin lẹ máa ka ìwé náà títí dé ìparí." Olóhùn fi ọwọ́ di tábìlì mú. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Níbi tí ayálégbé ti ń kó góòlù, obìnrin kan wí pé, 'Ọlọ́run á mú ọ, ọ̀dájú! Ẹlẹ́nu ẹ̀rín!' Mo ti wo inú ìwé lókè-lódò. Kò sí níbẹ̀."

"Àna mi ni, mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó dún bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rín mì. "Ẹ tún ojú ewé yẹn kà. Kí Màmá sì máa jókòó síta."

Olóhùn gbé fóònù sílẹ̀. Kò wúkọ́, kò wá ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Màmá lọ tààrà.

"Màmá, wọ́n ti fún mi níṣẹ́ náà."

"Ògo ni fún Ọlọ́run!"

"Àmín. Ohùn yín wọnú ìwé, Màmá. Níbi tí olè yẹn wà. Ẹ ò ní lè jókòó sínú yàrá mọ́ bí mo bá ń kà."

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Wọ́n mú un àbí wọn ò mú un?"

"Ó di orí kejì."

"Ẹni tó kọ ìwé ni kí wọ́n lọ bá wí, tó rí olè tí kò ké." Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹ́ kí Olóhùn bá òun gbé e.

Olóhùn ti ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà wà níhòòhò lórí tábìlì, ó tutù, ó dákẹ́. Ó ṣí orí kejì, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí makirofóònù ti ń fẹ́ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì ka gbólóhùn kejì tán tó fi gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń wọ́ nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sún, tó sún, títí ó fi kan ilẹ̀kùn gbà.

"Olóhùn! Gbé e sókè díẹ̀, n ò gbọ́!"

Olóhùn rẹ́rìn-ín. Ó pa ohun tó ti kà rẹ́, ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.